Ẹ̀sùn lórí ríìmù mẹ́rin tí kò wọ Hilux mi

Agbègbè Sábó,
Ògbómọ̀ṣọ́,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Ọ̀gá Àgbà,
Ilé Ìtajà Ríìmù àti Táyà,
Ìbàdàn.

Ọ̀gá mi,

Mo kí yín, mo kí gbogbo òṣìṣẹ́ yín. Ẹ má bínú pé mi ò ní pẹ́ lórí ìkíni. Ríìmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi wà níta ṣọ́ọ̀bù fọkánáísà báyìí, kò sì sí ọ̀kan tó wọ ọkọ̀ mi nínú wọn.

Píkọ́ọ̀pù Toyota Hilux 4x4 ni mo ń lò. Ọ̀nà oko lápá Ìkòyí-Ilé ni mo ń ná, kajú ni mo ń kó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó bá yá ó di iṣu. Kòtò ti tẹ àwọn ríìmù àtijọ́ mi, wọ́n tilẹ̀ ti jó ọ̀kan rí, afẹ́fẹ́ ò sì dúró nínú rẹ̀ mọ́. Ohun tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín nìyẹn.

Ọmọ yín tó gbé fóònù fẹ́ ta oníínṣì 20 tó ń dán gbinrin fún mi. Mo ní rárá. Ríìmù ńlá, táyà pẹlẹbẹ, àwọn tí kì í kúrò lórí ọ̀dà ló ni ín. Táyà 265/65R17 tí ọkọ̀ yìí ń lò, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ga tó mìlímítà 172. Gíga yẹn ló ń gba òkúta àti gbòǹgbò sára kó tó kan ríìmù. A wá fẹnu kò sí 17.

Lẹ́yìn náà ni mo ka ohun tó wà lẹ́yìn ríìmù mi fún un, mo fi ìwọ̀n tí mẹkáníìkì bá mi wọ̀n kún un: ihò bóòtù mẹ́fà, 139.7 (mìlímítà tí òbírí tí ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tò sí fi fẹ̀), ihò àárín, mìlímítà 106.1, ET30 (iye mìlímítà tí ojú ibi tí a ti ń de ríìmù mọ́ ọkọ̀ fi jìnnà sí àárín fífẹ̀ ríìmù; bó bá ṣe pọ̀ tó ni ríìmù ń wọnú tó). Mo ya fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Èsì rẹ̀ ni pé, "Dádì, ṣebí ihò mẹ́fà náà ni? Á wọlé."

Kò wọlé o. Fọkánáísà gbé e sókè, ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá bóòtù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pàdé, ṣùgbọ́n ẹnu họ́ọ̀bù, irin tí a ń de ríìmù mọ́, tó yọ síta láàárín ò ráyè kọjá. Ríìmù wá gúnlẹ̀ sórí rẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò tí kì í ṣe tirẹ̀. A wọn ihò àárín náà: 93.1. Ìwọ̀n Ford Ranger nìyẹn. Ranger àti Hilux jọ ní ihò mẹ́fà, àwọn méjèèjì ló jẹ́ 139.7, àmọ́ ìyẹn nìkan kọ́ ni ríìmù fi ń wọ ọkọ̀. Nissan Navara D40 náà ní ihò mẹ́fà, 114.3 sì ni tirẹ̀. Ó yẹ kí ẹni tó ń ta ríìmù mọ èyí ju àgbẹ̀ lọ.

ET55 ni wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Ká tiẹ̀ ní ó wọlé, mìlímítà 25 ni ì bá fi wọnú ju tèmi lọ, táyà á wá máa wá irin ẹsẹ̀ iwájú kiri.

Nígbà tí mo pè, wọ́n ní kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ tọ́nà tó ń fi ẹ̀rọ gé irin, kí ó bá mi fẹ ihò náà, lówó ara mi! Orí họ́ọ̀bù yẹn ni ríìmù ti ń jókòó kó tó lè wà láàárín gangan. Bí tọ́nà bá gé e wọ́, ọkọ̀ á máa gbọ̀n, nọ́ọ̀tì á sì máa tú. Nọ́ọ̀tì gan-an tún ń kọ́: ti ríìmù Toyota mi pẹlẹbẹ lẹ́nu, ó ní wáṣà, ojú ihò ríìmù yín, ẹlẹ́nu ṣóńṣó ló ń fẹ́, ẹ ò sì fi ẹyọ kan sí i. Kí ni kí n fi dè é? Ẹni tó bá mọ títì Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, bí tírélà ṣe ń já lù wá níbẹ̀, kò ní gba ènìyàn nírú ìmọ̀ràn yẹn.

Èyí tó dùn mí jù ni pé wọ́n ní owó ò ṣeé dá padà torí a ti wọ táyà sí i. Ta ló wọ̀ ọ́? Ẹ̀yin náà ni, ní ṣọ́ọ̀bù yín n'Íbàdàn, ẹ sì gba owó iṣẹ́ rẹ̀; ó wà nínú rìsíìtì. Táyà ọ̀hún ò tíì tẹ títì.

Mi ò bá táyà jà, táyà dáa. Ríìmù tó bá ìwọ̀n tí mo fi ránṣẹ́ mu ni mo fẹ́, tó lè gbé ẹrù píkọ́ọ̀pù, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì tirẹ̀. Bí ẹ ò bá ní in, ẹ dá owó mi padà, àti owó tí mo fi gbà á ní gáréèjì. Ẹ rán ọkọ̀ yín wá kó o. Mi ò ní gbé e wá sí Ìbàdàn. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí mi ò gbọ́ nǹkan kan, màá kó rìsíìtì àti ọ̀rọ̀ WhatsApp wa lọ bá FCCPC, àjọ tí òfin ọdún 2018 gbé kalẹ̀ fún ẹ̀tọ́ oníbàárà.

Ẹ pè mí kí awakọ̀ yín tó gbéra o, fọkánáísà kì í ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Àìkú.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníbàárà yín ní Ògbómọ̀ṣọ́.