Lẹ́tà Ẹ̀sùn: Ọmọ Mi Kì Í Ṣe Nọ́ńbà 47

Kétu,
Ọjọ́ 17, oṣù kẹta, ọdún 2025

Sí Ọ̀gá Olùdarí,
Ilé-iṣẹ́ tó ń bá àwọn ọmọ wá yunifásítì lókè òkun,
Àjàṣẹ́ (Porto-Novo).

Ọ̀rọ̀ nípa: dósíẹ̀ (àkójọ ìwé) ọmọ mi obìnrin, 350,000 CFA tí ẹ gbà lọ́wọ́ wa, àti ọ̀rọ̀ ìwọlé àkáǹtì tí ẹ kọ̀ tí ẹ kò fún wa.

Ọ̀gá,

Mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má bínú pé Yorùbá ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Yorùbá lẹ̀yin náà fi pè mí. Lórí rédíò ni mo ti gbọ́ ìpolówó yín, ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ dùn ń sọ pé kí ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin bàbá jẹ́ kí ọmọ yín náà fojú kan ilẹ̀ Faransé. Mo gbọ́ Faransé díẹ̀, mo lè fi nájà, ṣùgbọ́n Faransé mi kò tíì tó èyí tí mo lè fi bínú. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àgbàlagbà ni mo ti kọ́ bí a ti í kọ Yorùbá, òun náà ni n ó fi sọ tẹnu mi.

Àgbàdo ni mo ń tà ní ọjà Kétu. Àkọ́bí mi ni ọmọ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ó gba lísáǹsì, oyè àkọ́kọ́ rẹ̀, ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà níbí, ó sì fẹ́ lọ ka másítà lórí bí a ṣe lè tọ́jú oúnjẹ pamọ́ tí kòkòrò kò fi ní jẹ ẹ́ run. Kò lọ jìnnà kó tó rí ohun tó fẹ́ kọ́. Láti kékeré ló ti ń bá mi gbọn kòkòrò kúrò nínú àpò àgbàdo, tó ń rí mi tí mò ń da ìyẹ̀fun olóró sí i, tí mo sì ń fi aṣọ bo imú. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè: èmi kò mọ kọ̀ǹpútà, òun kò lówó. Àárín àwa méjèèjì yẹn lẹ ti rí àyè jókòó.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, èmi àtòun wọ takisí láti Kétu, a gba Pọ́bẹ̀, a gba Sákétè, a dé ọ̀dọ̀ yín kí oòrùn tó mú. Ọmọkùnrin tó dá wa lóhùn ní ilé-iṣẹ́ yín mọ ènìyàn kí. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Màmá, ẹ jókòó, ilé lẹ dé yìí.” Ó bu omi tútù fún wa. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé n kò fi ẹnikẹ́ni sùn pé ó rí mi fín. Ọmọ náà níwà. Iṣẹ́ ni kò ṣe.

Ọjọ́ yẹn la san 100,000 àkọ́kọ́, èyí tí ẹ pè ní owó ìṣídósíẹ̀. Ẹ ṣí àkáǹtì fún ọmọ mi lórí Études en France, ojú òpó tí ọmọ tó bá ń gbé ní Benin tó fẹ́ lọ kàwé ní yunifásítì lọ́hùn-ún gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa lọ́jọ́ náà pé ọ̀fẹ́ ni ṣíṣí àkáǹtì ọ̀hún, pé ọmọ tó lè ka Faransé lè jókòó ní síbà, ilé íntánẹ́ẹ̀tì, kó ṣí i fúnra rẹ̀. N kò bá yín jà nítorí ìyẹn. Bí ẹnì kan bá bá mi pọn omi wá láti kànga, n ó sanwó fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kànga kì í gbowó.

Ímeèlì tí ẹ fi ṣí i ni ìjà mi. Ọmọ mi ní ímeèlì tirẹ̀, ó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù yín, ẹ kò lò ó. Ẹ dá òmíràn sílẹ̀: orúkọ ilé-iṣẹ́ yín, ẹ wá fi 47 sí ìdí rẹ̀. Orúkọ tí a sọ ọmọ mi lọ́jọ́ kẹjọ, tí bàbá rẹ̀ àgbà fi oyin àti iyọ̀ àti orógbó ṣàdúrà lé lórí, kò sí níbẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ ìwọlé, ọwọ́ yín ló wà. Nígbà tí ó béèrè fún un, èsì tó gbà ni, “Fọkàn balẹ̀, àwa la ó máa bá ẹ wò ó.”

Ẹ kò wò ó.

Ọjọ́ 14 oṣù kìn-ín-ní ni ìpè wọlé sínú àkáǹtì yẹn, pé kí ọmọ mi wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní Kútọnu lọ́jọ́ 23. A kò gbọ́. Bẹ́ẹ̀, gbogbo ọjọ́ Ajé lọmọ mi ń fi WhatsApp béèrè lọ́wọ́ yín. Mo ní kó ka èsì yín sí mi létí kí n tó kọ lẹ́tà yìí. Ọjọ́ 13: “A ń retí.” Ọjọ́ 20: “A ń retí.” Ọjọ́ 27: “A ń retí, ẹ ní sùúrù,” pẹ̀lú àwòrán ọwọ́ méjì tó ń gbàdúrà. Lọ́jọ́ tí ẹ ń kọ́ wa ní sùúrù yẹn, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ti kọjá lọ́jọ́ mẹ́rin.

Ẹ̀yin mọ̀ jù mí lọ pé bí wọn kò bá tíì fọ̀rọ̀ wá ọmọ lẹ́nu wò, dósíẹ̀ rẹ̀ kì í dé iwájú àwọn yunifásítì. Méje ni wọ́n gbà kí ọmọ yàn, méje náà ni tèmi yàn. Òru mélòó ló fi wò wọ́n, tó ń ka ohun tí wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀, tó ń bi mí léèrè pé ti Montpellier ni kó fi ṣíwájú àbí ti Rennes, bí ẹni pé mo mọ ọ̀kan nínú méjèèjì! Nínú méjèèje, kò sí èyí tó rí ìwé rẹ̀. Wọn kò kọ̀ ọ́, Ọ̀gá. Ì bá sàn fún mi bí wọ́n bá kọ̀ ọ́. Wọn kò mọ̀ pé a bí i.

Ìparí oṣù kejì ló tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó ètò Études en France ní Kútọnu. Wọ́n wò ó fún un, wọ́n ní a ti pè ọ́. Ó ní òun kò rí i. Wọ́n ní ímeèlì rẹ kọ́ nìyí? Ibẹ̀ ló ti rí 47. Kò sunkún lọ́dọ̀ wọn. Ìrọ̀lẹ́ ló dé ọjà bá mi, ó jókòó lórí àpò àgbàdo, ó ní, “Màmá, wọ́n pè mí, n kò jẹ́.”

Mo wá pariwo lórí fóònù títí ẹ fi tẹ ẹ̀dà dósíẹ̀ náà ránṣẹ́ sí wa. Inú rẹ̀ la ti rí lẹ́tà tí ẹ gba 100,000 kejì lé lórí, lẹ́tà tó yẹ kó sọ ìdí tí ọmọ mi fi fẹ́ lọ. Ẹ fi orúkọ rẹ̀ sókè (níbẹ̀ ẹ rántí orúkọ rẹ̀), ẹ wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé láti kékeré ló ti ń bá bàbá rẹ̀ wakọ̀ lọ da àwọ̀n sínú adágún. Adágún wo? Ní Kétu! Orí òkè gbígbẹ la tẹ̀dó sí, àwọn ìyá wa ń jí lóru lọ tò sídìí kànga. Télọ̀ ni bàbá ọmọ mi, kò mọ̀wẹ̀. Ó dá mi lójú pé ọmọ apẹja kan láti etí adágún Nokoué ló ni lẹ́tà yẹn, bóyá nọ́ńbà 46. Mo sì ń ṣàánú ọmọ náà, nítorí bóyá tirẹ̀ ni ẹ kọ kòkòrò àgbàdo sí. Ká tiẹ̀ sọ pé ọmọ mi lọ sí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ọ̀hún, tí wọ́n wá bi í pé báwo ni ẹja, kí ni ì bá sọ?

Nípa owó físà, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Oṣù kejìlá lẹ gba 150,000, ẹ ní kí ó má baà wọ́n sí i. A kò tíì dé ìdí físà. Àwọn tó wà nínú ètò Études en France, 50 euro ni wọ́n ń san fún físà akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ gígùn, ìyẹn 32,798 CFA. Kódà bí a bá fi owó àwọn tó ń gba ìwé kún un, ta ló ni ìyókù?

Ẹ tún rántí ọ̀rọ̀ báńkì. Ọmọ tó ń lọ gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ní 615 euro fún oṣù kọ̀ọ̀kan. Ti ọdún kan jẹ́ 7,380 euro, ó sún mọ́ mílíọ̀nù márùn-ún owó wa. Mo ní ẹ jẹ́ kí n bá àwọn ará ilé sọ ọ́, kí n ta ilẹ̀ kan. Ọmọkùnrin yín ní kò pọndandan, pé ẹ lè bá wa gbé owó sí àkáǹtì fún ọjọ́ mẹ́rin, kí wọ́n tẹ ìwé rẹ̀ jáde, kí ẹ sì kó owó yín padà, pé 120,000 péré ni. N kò gbà. Bí wọ́n bá já ìwé irọ́, orúkọ ta ni yóò bàjẹ́? Níbẹ̀ ni wọn kò ní kọ 47.

Ìlérí yín ló wá dùn mí jù lẹ́yìn ti ímeèlì. Ìwé ìpolówó yín wà lọ́wọ́ mi, èyí tó ní àwòrán ọmọbìnrin kan tó ń rẹ́rìn-ín nínú yìnyín. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé yàrá wà nílẹ̀, iṣẹ́ wà nílẹ̀. Ọmọkùnrin yín tiẹ̀ fi kún un pé tí ó bá fi máa pé oṣù méjì, “á ti máa fowó ránṣẹ́ sí yín, Màmá.” Mo ní ọmọ ẹ̀gbọ́n kan ní Lille, ní ilẹ̀ Faransé, ó ti ń lọ sí ọdún mẹ́ta níbẹ̀. Mo pè é lọ́jọ́ Àìkú kan, mo ka ìwé yín sí i, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó wá dákẹ́. Ó ní wákàtí 964 ni òfin gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì ṣiṣẹ́ láàárín ọdún kan. Mo pín in sí ọ̀sẹ̀ méjìléláàádọ́ta: kò pé mọ́kàndínlógún lọ́sẹ̀. Èyí tí yóò fi ránṣẹ́ sí mi dà níbẹ̀? Ó ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lòun sùn fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún nígbà tí òun kọ́kọ́ dé, nítorí onílé kò gba ẹni tí kò ní onídùúró, òun kò sì mọ̀ nígbà náà pé ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Visale tó ń ṣe onídùúró fún akẹ́kọ̀ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ní láàárín oṣù mẹ́ta tí ọmọ bá dé, ó gbọ́dọ̀ fi ìdí físà rẹ̀ múlẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àìṣe bẹ́ẹ̀ ìgbé rẹ̀ níbẹ̀ kò bófin mu mọ́. Ó ní àwọn owó kan wà láti san kí yunifásítì tó forúkọ ọmọ sílẹ̀, wọ́n ń pe ọ̀kan ní CVEC. Ó ní oúnjẹ ilé-oúnjẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò wọ́n, ṣùgbọ́n òpin ọ̀sẹ̀, gàárì tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ ló ń mu. Tó bá di oṣù kọkànlá, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ilẹ̀ ti ṣú, ọjọ́ mìíràn wà tí kì í gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe orúkọ rẹ̀ bó ṣe yẹ láti àárọ̀ dalẹ́.

Ọmọ náà kò ní kí ọmọ mi má lọ o. Ó ní kó wá, kó ti mọ̀. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo nínú ohun tó sọ yìí tí ẹ sọ fún wa, bẹ́ẹ̀ ìmọ̀ràn lẹ ní ẹ̀ ń tà.

N kò bá tí kọ̀wé rárá, ǹ bá kàn máa bú yín lọ́kàn ni, bí kì í bá ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ 10 oṣù yìí. Ọmọ mi ní kí ẹ fún òun ní ọ̀rọ̀ ìwọlé àkáǹtì náà, kí òun yọ ímeèlì yín kúrò, kí òun fi tòun sí i, nítorí ìwé rẹ̀ gbogbo wà níbẹ̀, òun sì fẹ́ fi múra ọdún tó ń bọ̀. Ẹ ní kó san 50,000, ẹ pè é ní owó ìtúsílẹ̀ dósíẹ̀. Ọ̀gá, àwọn ajínigbé ni mo mọ̀ tó ń gba owó ìtúsílẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Kọ́kọ́rọ́ àkáǹtì ọmọ mi ni àkọ́kọ́, lọ́fẹ̀ẹ́, láàárín ọjọ́ mẹ́jọ. Lẹ́yìn náà, owó mi. N kò ní béèrè gbogbo 350,000, nítorí mo fojú mi rí ọmọkùnrin yín tó ń fi ẹ̀rọ ya ìwé ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, bébà tó pọ̀, láti òwúrọ̀ títí di ìgbà tí wọ́n ń kírun Àsárì. Mo fi 30,000 sílẹ̀ fún iṣẹ́ yẹn. Ẹ dá 320,000 padà. Mo mọ̀ pé ìwé tí a fọwọ́ sí ní ìlà kan nísàlẹ̀, ní Faransé, tó ní ẹ kì í dá owó padà. Ọmọ mi ti kà á fún mi. Ó ní ohun tó wà lókè ìlà yẹn ni pé ẹ ó “tọpinpin dósíẹ̀ lójoojúmọ́”. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Kí ẹ sì pe àwọn òbí nọ́ńbà 1 títí dé 46, àti àwọn tó tẹ̀ lé tèmi, kí ẹ jẹ́ kí ọmọ kálukú máa ka lẹ́tà tirẹ̀.

Bí ọjọ́ mẹ́jọ bá pé tí n kò gbọ́, rédíò tí ẹ fi pè mí ní ètò àárọ̀ tí àwọn ará ìlú fi ń pe wọlé, Yorùbá ni wọ́n sì ń sọ níbẹ̀. Lẹ́yìn rédíò, ilé ẹjọ́ wà ní Àjàṣẹ́ yín níbẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, mò ń kó àgbàdo bọ̀ ní ọjà Ouando. Mo lè ya ọ̀dọ̀ yín ní bí aago mẹ́wàá. Rìsíìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á wà lọ́wọ́ mi, ọmọ mi á sì wà pẹ̀lú mi. Kí ọmọkùnrin yín má ṣèyọnu omi tútù.

Èmi ni,
Ìyá ọmọ tí ẹ kọ ní 47.