Lẹ́tà sí Màámi, tó ń bínú sí mi nítorí ọkọ̀ ojú omi

Màámi,

Ẹ kú ọjà o. Láti ọjọ́ Ajé tí mo ti dé láti ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n ní ìlú Òyìnbó, "Ṣé o ti jẹun?" nìkan lẹ ń bá mi sọ. Fọ́tò tí ẹ ti rí mi nínú ọkọ̀ ojú omi yẹn ló fà á. Bí mo bá sì ní kí n ṣàlàyé, ẹ ó ní kí n lọ pọnmi. Ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀, kí Tọ́pẹ́ lè kà á sí yín létí ní ìsọ̀.

Ẹ kìlọ̀ fún mi lóòótọ́. Ní Tákíé, ní Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́jọ́ tí mò ń lọ, ẹ dì mí lọ́wọ́ mú: "Àjàní, má dé ìdí omi o." Mo ní mo ti gbọ́. Mo mọ ohun tí odò gbà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó bí mi, n kò ní fi ṣàwàdà.

Bàbá arúgbó kan ládùúgbò Ẹ̀gbọ́n ló ní ọkọ̀ onígbòkun kékeré ní Lymington, létí òkun ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú oṣù Keje, nígbà tí aago mẹ́sàn-án alẹ́ ń lù tí ilẹ̀ ò tíì ṣú, ó ní ká bá òun lọ sí Yarmouth, èbúté kékeré kan ní erékùṣù Isle of Wight. Èèyàn ń wo òdìkejì láti ibi tó dúró. Ọkọ̀ ńlá tó ń kó mọ́tò kọjá máa ń fi bí ogójì ìṣẹ́jú débẹ̀.

Aago méje àárọ̀ la ti múra. A ò tíì lọ. Bàbá jókòó ti ìwé pélébé kan tó ń sọ ìgbà tí òkun yóò kún àti ìgbà tí yóò fà. Solent ni wọ́n ń pe omi ibẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ló ń kún tó ń fà, bó bá sì dé ọ̀nà tóóró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé olódi Hurst, á máa sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ọkọ̀ kékeré tó bá kọjú sí i lè máà kúrò lójú kan. Bàbá gbọ́ ìròyìn ojú ọjọ́ lórí rédíò, ó gbójú sókè wo ìkùukùu, kò sọ nǹkan kan. Màámi, ẹ̀yin ni mo rí! Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń wo sánmà kí ẹ tó sá láfún. Gbogbo àdúgbò á ti sá tiwọn, ẹ ó ní kò tíì yá, òjò á sì ká tiwọn mọ́ ìta.

Mo sọ fún un. Ó bi mí pé kí ló ń jẹ́ láfún. Àlàyé yẹn nìkan gbà wá ní ìdajì wákàtí.

Ẹ̀wù pupa tí ẹ ní ó dà bí àjàgà lọ́rùn mi, òun ni kì í jẹ́ kéèyàn rì. Wọn ò tú okùn títí gbogbo wa fi wọ̀ ọ́, Bàbá pàápàá.

Mo bì lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà. Ẹ lè fìyẹn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a sún mọ́ Yarmouth, Bàbá fi rédíò pe àwọn tó ń ṣọ́ èbúté, wọ́n sọ ibi tí a ó so ọkọ̀ mọ́ fún un. Ilé olódi kan wà létí omi níbẹ̀ tí Ọba Henry Kẹjọ ní kí wọ́n kọ́, tí wọ́n parí ní 1547, afárá onígi gígùn kan sì nà wọnú òkun láti 1876. A jẹ ẹja díndín. Kò ní ata rárá.

Ṣùgbọ́n Màámi, ọjọ́ tí ẹ kìlọ̀ omi fún mi yẹn, inú mọ́tò wo lẹ fi mí sí? Àwa mẹ́rin la jókòó síbi èèyàn mẹ́ta, kò sí bẹ́líìtì, awakọ̀ ń bá tírélà figagbága títí a fi dé Ọ̀yọ́. Ẹ juwọ́ sí mi, ẹ ń rẹ́rìn-ín.

Mo jẹ̀bi irọ́ tí mo pa fún yín. Ẹ forí jì mí. Àmàlà alẹ́ àná ò gba ọ̀nà ọ̀fun mi lọ dáadáa. Fọ́tò mọ́kànlá ló kù tí ẹ ò tíì wò, ẹ̀wù pupa yẹn sì wà lọ́rùn mi nínú gbogbo wọn.

Ọmọ yín,
Àjàní