Rótìmí, Ṣé Òótọ́ Ni Pé Dakar Lo Wà?

Ẹ̀pẹ́,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà, ọdún 2025.

Rótìmí ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ìyá rẹ náà kí ọ, orúnkún ni kò jẹ́ kí ó lè jókòó pẹ́ mọ́. Ẹ̀rọ tí ó ń fa omi kànga ti bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Bọ́sẹ̀ ti bí ọmọkùnrin, a sì ti sọ ọ́ lórúkọ. Kì í ṣe nítorí ìwọ̀nyí ni mo ṣe mú bírò.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń gbé ní Kútọnu ni ó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé o ti ta ọ̀kadà rẹ, o sì ti wọ mọ́tò lọ sí Dakar. Oṣù méjì nìyí tí fóònù rẹ kò lọ. Ṣé òótọ́ ni pé Dakar lo wà? Kí ni o lọ ṣe níbẹ̀? Mo ń béèrè bí ẹni tí kò mọ̀, ṣùgbọ́n èmi tí mo fi ọdún mẹ́rìnlélógún ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, n kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ohun tí ọmọkùnrin tí ó ta ọ̀kadà rẹ̀ ń wá ní etíkun Senegal.

Àwòrán ilẹ̀ ayé tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri pálọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Lánàá mo dìde lọ síwájú rẹ̀, mo gbé àtàǹpàkò lé e láti Dakar dé erékùṣù Canary, ilẹ̀ Spain tí àwọn ọlọ́kọ̀ pákó ń gbà wọ Yúróòpù, ó sì bò ó tán. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo máa ń ṣe fún ọ nígbà tí o kéré, tí n ó ní, "Àkànní, wò ó, ayé kò fẹ̀." Irọ́ ni mo pa fún ọ. Ohun tí àtàǹpàkò mi bò yẹn tó bíi 1,450 kìlómítà kí ènìyàn tó dé El Hierro, ọ̀kan nínú erékùṣù Canary náà. Ó jìnnà ju Èkó sí Kano lọ, kò sì sí Ìlọrin lójú ọ̀nà tí ènìyàn ti lè sọ̀ kalẹ̀ ra ọsàn.

Àwòrán náà kò sì fi ìṣàn omi hàn. Omi òkun ibẹ̀ ń ṣàn láti ẹ̀gbẹ́ Morocco bọ̀ wá sí ìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ tí ó ń fẹ́ láti àríwá àti ìlà-oòrùn sì ń tì í lẹ́yìn, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó bá ti Dakar ń lọ sí Canary ń bá àwọn méjèèjì jà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí epo bá tán, tàbí tí ẹ̀rọ bá kú, omi kò ní dá ọkọ̀ náà padà sí Senegal o. Ìwọ̀-oòrùn ni yóò gbé e lọ, bí ó bá sì ti tàsé erékùṣù Cape Verde, kò sí ilẹ̀ mọ́ títí dé òdìkejì òkun. Afẹ́fẹ́ yìí ni ó gbé Columbus láti Canary kọjá Àtìláńtíìkì ní ọdún 1492, ṣùgbọ́n òun ní ìgbòkun, ó ní oúnjẹ, ó ní omi. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àwọn apẹja ní Pará, ní Brazil, rí ọkọ̀ kan tí ó ń léfòó, òkú mẹ́jọ ni ó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì rí ọ̀kan sí i nítòsí rẹ̀. Ìwé tí wọ́n bá nínú ọkọ̀ náà fi hàn pé ó kéré tán, àwọn kan nínú wọn jẹ́ ará Mali àti Mauritania. Brazil, Rótìmí! Ní ọdún tí ó ṣáájú ìyẹn, àwọn mẹ́rin nínú ọmọ Nàìjíríà tiwa sá pamọ́ sórí irin ìtọ́kọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ ńlá kan ní Èkó, wọ́n rò pé Yúróòpù ni àwọn ń lọ, ọjọ́ 14 lẹ́yìn náà ni wọ́n bá ara wọn ní Vitória, ní Brazil kan náà. Orí ló yọ wọ́n. Ṣé orí ni ìwọ náà fẹ́ fi dánwò?

Ṣé o ń jẹun? Ìrẹsì ẹlẹ́ja tí wọ́n ń pè ní ceebu jën máa ń yóni, ọ̀sán ni kí o máa jẹ ẹ́.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún ìyá rẹ rí. Ní ọdún 1996, a ń bọ̀ láti Liverpool, a ti fi Canary sílẹ̀ bí ọjọ́ kan. Èmi ni mo wà ní ìṣọ́ láti aago méjìlá òru sí aago mẹ́rin. Mo rí iná kan nísàlẹ̀ lójú omi. Ó tàn, ó kú, ó tún tàn, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń fi àtẹ́lẹwọ́ bo tọ́ọ̀ṣì tí ó sì ń ṣí i. Mo sọ fún ọ̀gá tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́, ó gbé awò sójú, ó ní apẹja ni. Mo mọ̀ pé apẹja kì í tanná bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ó dáa, sà." Iná náà tún tàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́yìn wa. Owó oṣù mi ni mo ń rò, àti ìwọ tí o wà nílé tí o ń mu mílíìkì inú agolo.

Nígbà tí mo délé, mo sọ fún yín pé ní Panama, wọ́n gbé odidi ọkọ̀ wa sókè ní mítà 26 bí ẹni gbé ẹrù gun àtẹ̀gùn, àti pé níbẹ̀, ojú òkun Pasífíìkì ni oòrùn ti ń yọ. Mo sọ ti Tema ní Gana, níbi tí ìlà òdo tí a fi ń ka ayé gbà kọjá. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún yín àfi iná yẹn. Ó wá jẹ́ pé òkun tí mo fi tọ́ ọ dàgbà kì í pa ènìyàn.

Nígbà tí o béèrè owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn atukọ̀ ní ọdún 2016, mo ní kò sí owó. Owó wà. Iná yẹn ni kò jẹ́ kí n fún ọ. Ká ní mo fún ọ ni, ọkọ̀ tí ó ní ìwé, tí ó ní rédíò, ni ìbá máa gbé ọ kiri lónìí, kì í ṣe pákó apẹja. Ṣùgbọ́n ìwọ náà, ẹnu rẹ dí láti sọ fún mi? Àgbàlagbà bí ìwọ!

Ìyá aláǹkàrá tí ó ń gbé lẹ́yìnkùlé wa ni mo fi lẹ́tà yìí rán. Bí o bá ń kà á, a jẹ́ pé ó ti rí ọ, tàbí ó rí ẹni tí ó mọ̀ ọ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni yóò lò ní ọjà HLM ní Dakar níbẹ̀, lọ́dọ̀ àwọn ará wa tí ń ta aṣọ níbẹ̀. Owó mọ́tò àbọ̀ rẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ti ní kí ó má fún ẹlòmíràn. Bí o kò bá tíì fẹ́ bọ̀, tí o kò sì fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, sáà kọ orúkọ rẹ sórí ìwé kí o fi lé e lọ́wọ́. Mo mọ bí o ṣe ń kọ ọ́.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.