Ẹ kọjá sí òdì kejì odò ní ọgbà Muskau

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè kí n bá àwọn òǹkàwé yín tó ń gbèrò àtilọ wo ọgbà Muskau, ọgbà ńlá tó wà ní ààlà Jámánì àti Pólándì, sọ̀rọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ àlejò kì í kọjá iwájú ààfin kí wọ́n tó pẹ̀yìn dà. Hermann von Pückler-Muskau, ọlọ́lá tó jogún ilẹ̀ náà, ló bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe ní ọdún 1815, kò sì sinmi títí gbèsè fi wọ̀ ọ́ lọ́rùn, tó fi ta gbogbo rẹ̀ ní ọdún 1845. (Ó dà bí ẹni pé ọkùnrin náà fẹ́ràn igi ju owó lọ.) Ní ọdún 1945, odò Neisse tó ṣàn gba inú ọgbà náà di ààlà Jámánì àti Pólándì, apá tó pọ̀ jù sì bọ́ sí Pólándì.

Ààfin tí wọ́n tún kọ́ lẹ́yìn iná ọdún 1945 wà ní ìhà Jámánì, ó sì rẹwà. Ṣùgbọ́n inú bí Pückler ṣe to igi, pápá, omi àti ọ̀nà ni ọgbọ́n rẹ̀ wà, débi pé ojú ń ríran láti ìhà kan odò dé ìkejì bí ẹni pé kò sí ààlà kankan níbẹ̀. Ẹni tí kò bá gba orí afárá kọjá kò tíì rí ọgbà náà. UNESCO pàápàá, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, nígbà tó fi í sínú àkójọ ogún àgbáyé ní ọdún 2004, kò pín in sí méjì. Ilẹ̀ náà ju 500 héktà lọ, nítorí náà kí àlejò ya odindi ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún un.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín