Kọ́kọ́rọ́ Mọ́tò, Kọ́kọ́rọ́ Ìbọn

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ kú ọ̀sẹ̀ o, ẹ sì kú ooru Houston.

Àbíkẹ́yìn mi gba láísẹ́ǹsì ọkọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Túsìdeè. Ẹ bá mi dúpẹ́, kí ẹ sì bá mi gbàdúrà, torí mọ́tò mi ló fi ń dán ara rẹ̀ wò. Ọmọ ọdún 16 ni. Kí ìjọba Texas tó fi páálí yẹn lé e lọ́wọ́, ó jókòó ní kíláàsì fún wákàtí 32, ó sì wa ọkọ̀ fún wákàtí 30 tí èmi tàbí ìyá rẹ̀ jókòó tì í, mẹ́wàá níbẹ̀ jẹ́ lóru. Wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò. Wọ́n bi í ní ìbéèrè lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n wá mú un bọ́ sójú títì, wọ́n sì kọ́kọ́ já a, torí níbi tó yẹ kó ti dúró pátápátá, ńṣe ló rọra ń yí lọ. Ó fajú ro délé. Èmi ń rẹ́rìn-ín sínú. Èmi tí mo gbé láísẹ́ǹsì Nàìjíríà wọ ìlú yìí, láísẹ́ǹsì tí mo gbà láì fẹsẹ̀ kan ibi ìdánwò rárá (kí Ọlọ́run dárí jì mí), ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n já mi níbí kí wọ́n tó gbà pé mo mọ ọkọ̀ wà.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, lẹ́yìn ìsìn, arákùnrin kan fà mí lọ sídìí mọ́tò rẹ̀. "Pásítọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi gbàdúrà sí nǹkan kan." Mo rò pé mọ́tò ló pààrọ̀. Àṣé ìbọn ìléwọ́ ni, ó dúdú, ó ń dán, ó ṣì wà nínú páálí tí wọ́n fi tà á. Ó ní òun ò lò tó wákàtí kan ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní kí òun kọ fọ́ọ̀mù, wọ́n yẹ orúkọ òun wò, òun sanwó, ó parí. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ ní lílò rẹ̀. Ó wolẹ̀. "YouTube ni, sà." Mo tún bi í pé níbo ló máa gbé e sí nínú ilé. Ó ní abẹ́ ìrọ̀rí.

Arákùnrin yìí ní ọmọ ọdún mẹ́rin. Ẹ mọ ọmọ náà. Òun ló máa ń sá jáde ní ìjọ ọmọdé wá jókòó sórí pẹpẹ lẹ́sẹ̀ mi tí mo bá ń wàásù.

Mi ò gbàdúrà sí ìbọn náà. Arákùnrin náà fúnra rẹ̀ ni mo gbé lé Ọlọ́run lọ́wọ́, mo sì padà sílé pẹ̀lú ìbéèrè tí àwọn kan nínú yín ti ń bi mí látìgbà pípẹ́: ṣé kò yẹ kí ìlú yìí máa ṣe sí ìbọn bó ṣe ń ṣe sí mọ́tò? Ẹ má bẹ̀rù, mi ò ní sọ ẹni tí ẹ máa dìbò fún. Àmọ́ mi ò ní díbọ́n pé mi ò lérò níbẹ̀.

Ẹ ṣí Ẹ́kísódù orí 21. Bí màlúù bá kan ènìyàn pa, tí kò kàn rí, wọn á pa màlúù náà, ọrùn olówó rẹ̀ á sì mọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ màlúù tó ti máa ń kàn, tí wọ́n ti kìlọ̀ fún olówó rẹ̀, tó kọ̀ tí kò so ó, ẹ̀jẹ̀ wà lọ́rùn olówó. Ọlọ́run kò ní kí Ísírẹ́lì má sin màlúù. Ó ní kí wọ́n so èyí tó ń kàn. Ẹ tún wo Diutarónómì 22, ẹsẹ 8: ẹni tó bá kọ́lé tuntun gbọ́dọ̀ mọ ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, torí òrùlé wọn tẹ́jú, wọ́n sì máa ń jókòó síbẹ̀. Kò ní kí wọ́n dúró de ẹni àkọ́kọ́ tó máa jábọ́.

Ìgbátí yìí ni Amẹ́ríkà mọ yí mọ́tò ká. Lọ́dún 1966, àwọn tó kú lójú títì orílẹ̀-èdè yìí lé ní 50,000. Ohun tó wà lẹ́nu àwọn tó ń ṣe mọ́tò nígbà náà ni pé awakọ̀ ló ń fa ìjàǹbá, pé mọ́tò ò lọ́wọ́ sí i. (Ẹ̀yin náà ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn nípa nǹkan mìíràn.) Lọ́yà ọ̀dọ́ kan, Ralph Nader, ní irọ́ ni, pé ọkọ̀ fúnra rẹ̀ wà lára ohun tó ń pa wọ́n. Ààrẹ Johnson fọwọ́ sí òfin ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, ìjọba àpapọ̀ sì gba agbára láti sọ bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ ṣe mọ́tò. Bẹ́líìtì di dandan nínú ọkọ̀ tuntun láti 1968. Irin ìdí sítíárìn tó máa ń gún awakọ̀ láyà, wọ́n sọ ọ́ di èyí tó ń wó sínú ara rẹ̀ tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan. Lọ́dún 1984, New York di ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tó sọ pé ẹni tí kò bá de bẹ́líìtì yóò sanwó ìtanràn. Gbogbo èyí kò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan, àwọn ènìyàn sì pariwo pé ìjọba fẹ́ gba òmìnira àwọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí òfin yẹn bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí ènìyàn márùn-ún àbọ̀ ló ń kú fún mílíọ̀nù 100 máìlì tí ọkọ̀ bá rìn. Lóde òní, kò ju ẹyọ kan lé díẹ̀ lọ. Wọn ò gba mọ́tò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ kàn wo Highway 6 láàárọ̀ Mọ́ńdè, ẹ ó rí i pé òótọ́ ni mo sọ.

Wàyí o, ìbọn ńkọ́? Lọ́dún 1972 tí Kóńgírẹ́ẹ̀sì dá àjọ tó ń ṣọ́ ààbò ọjà tí à ń rà sílé sílẹ̀, wọ́n yọ ìbọn kúrò nínú ohun tí àjọ náà lè fọwọ́ kàn. Ìbọn ìṣeré tí ẹ rà fún ọmọ yín ní Kérésìmesì, àjọ náà lè pàṣẹ kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ padà tí ó bá léwu fún ọmọdé. Ìbọn gidi, wọn ò lè sọ nǹkan kan sí i. Lọ́dún 2005, òfin mìíràn tún dáàbò bo àwọn tó ń ṣe ìbọn lọ́wọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹjọ́. Tí bíréèkì mọ́tò bá dàrú láti ilé iṣẹ́, lẹ́tà á wọlé tọ̀ yín wá. Tí ìbọn bá máa ń dún fúnra rẹ̀ tó bá já bọ́ sílẹ̀, kò sí ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ kankan tó lè fipá mú ẹni tó ṣe é pé kó kó o padà.

Àwọn bàbá wa tí wọn ò tí ì mọ Jésù ṣáà rí i pé irin kan náà ni. Ọ̀dọ̀ Ògún ni wọ́n kó awakọ̀ àti ọdẹ sí pọ̀. Mi ò ní kí ẹ padà síbẹ̀ o! Ṣùgbọ́n bàbá àgbà mi jẹ́ ọdẹ ní Òkè-Ògùn, mo sì rántí bó ṣe ń ṣe ṣakabùlà rẹ̀. Òkè àjà ni ìbọn wà. Inú yàrá rẹ̀ lọ́hùn-ún ni ẹ̀tù wà, nínú àdó tó dé ní ẹnu. Wọn kì í pàdé àyàfi tó bá ń lọ sígbó. Ọjọ́ kan tí mo fi igi ìbọn tí mo gbẹ́ fúnra mi nà sí àbúrò mi, bàbá àgbà gbá mi létí tí mo rí ìràwọ̀, ó ní, "Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ló jẹ́ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sí òun?" Kò lọ sílé ìwé. Kò sí òfin Texas lábúlé wa.

Ẹ jẹ́ ká ṣòótọ́ sí àwọn tí wọn ò gbà pẹ̀lú mi. Mọ́tò kò sí nínú ìwé òfin Amẹ́ríkà, ìbọn wà níbẹ̀ láti 1791, ilé ẹjọ́ tó ga jù sì sọ lọ́dún 2008 pé ẹ̀tọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ni. Ẹni tó ra mọ́tò, wọn kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti ṣẹ̀wọ̀n rí. Ẹ sì lè wa ọkọ̀ láìní láísẹ́ǹsì nínú oko ara yín, ojú títì nìkan ló gba ìwé. Nítorí náà, "bíi ti mọ́tò" kò ní bá ara mu níbi gbogbo. Síbẹ̀, láti oṣù kẹsàn-án 2021 ni Texas ti gbà kí ẹni tó ti pé ọdún 21, tí òfin kò dè é lọ́nà mìíràn, máa gbé ìbọn ìléwọ́ kiri ìta láìgba ìwé, láìkọ́ ohunkóhun. Ojú títì náà nìyẹn. Èmi ò rí ìdí tí ọmọ mi fi máa gba wákàtí 32 fún Corolla, tí arákùnrin wa ò sì ní gba wákàtí méjì fún ìbọn.

(Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí pẹ̀lú fisà ilé-ìwé tàbí ti àbẹ̀wò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi lọ́yà kí ẹ tó fọwọ́ kan ìbọn. Òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà á fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú yín, ó sì lè ba ìwé yín jẹ́ títí ayé.)

Bàbá kan nínú ìjọ bi mí pé, "Pásítọ̀, Nàìjíríà ńkọ́? Òfin ìbọn tó le mélòó ni wọ́n ní, wọ́n ṣì wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọ̀wọ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì ni, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹfà 2022, ó kéré tán ogójì ènìyàn ló ṣègbé nínú ìjọ St. Francis, òfin tó ti wà nílẹ̀ láti 1959 kò sì gba ẹnì kan là. Mo dá bàbá lóhùn pẹ̀lú láísẹ́ǹsì ọkọ̀ mi àtijọ́. Nàìjíríà ní òfin ìdánwò ọkọ̀ náà, èmi sì gba ìwé láì ṣe é. Òfin tí kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ kì í dáàbò bo ẹnikẹ́ni, yálà lórí mọ́tò tàbí lórí ìbọn. Ní Texas níbí gan-an, lọ́dún 2017, ẹni tó pa ènìyàn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nínú ṣọ́ọ̀ṣì Sutherland Springs, kò yẹ kí wọ́n ta ìbọn fún un. Ọmọ ogun òfuurufú ni tẹ́lẹ̀, wọ́n ti dá a lẹ́bi pé ó ṣe ìyàwó àti ọmọ léṣe, àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò sì fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń yẹni wò. Ìwé ẹyọ kan. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀rọ̀ mi lọ́sẹ̀ yìí kò kan ajínigbé. Wọn kì í ka búlẹ́tìnì wa.

Àwọn kan ti ń múra láti fi Lúùkù 22 dá mi lóhùn, níbi tí àwọn àpọ́sítélì ti ní idà méjì rèé. Ẹ máa kà á lọ síwájú díẹ̀. Pétérù ní idà, kò mọ̀ ọ́n lò. Olúwa ló fẹ́ gbà sílẹ̀, etí ìránṣẹ́ àlùfáà ló gé. Jésù, tí wọ́n ń bọ̀ wá mú, ló tún ń wo etí sàn. Ẹni tó dá apànìyàn dúró ní ṣọ́ọ̀ṣì kan nílùú White Settlement, ní Texas níbí, lọ́dún 2019, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà, ti ń kọ́ ènìyàn ní ìbọn yíyìn tipẹ́tipẹ́. Síbẹ̀ ẹni méjì ti kú kó tó yìn ín. Ìdí rèé tí ìgbìmọ̀ ìjọ fi pinnu pé àwọn ẹ̀ṣọ́ wa tó ti gba ẹ̀kọ́ nìkan ni yóò gbé ìbọn wọnú ilé yìí. Àwọn àmì tí òfin Texas béèrè yóò wà lẹ́nu ọ̀nà láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ máa ń fi báàgì sílẹ̀ ní yàrá ọmọ ọwọ́, ẹ gbọ́ o. Ọmọdé ò mọ oògùn, ẹ̀fọ́ ló ń pè é. Lọ́dún 2020, ìbọn kọjá mọ́tò láàárín ohun tó ń pa àwọn ọmọ Amẹ́ríkà láti ọdún kan sí 19, ó sì di èyí tó ń pa wọ́n jù.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbi kan tí a kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Lọ́dún 2023, ìbọn pa ènìyàn 46,728 ní orílẹ̀-èdè yìí. Nígbà tí ẹ gbọ́ iye yẹn, olè ló wá sí yín lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ó lé ní 27,000 nínú wọn tó jẹ́ pé ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi yìn ín sí ara wọn. Àwa Yorùbá máa ń ní kò sí irú ẹ̀ nínú ìdílé wa. Mo ti sin òkú nílùú yìí tí a kọ "àìsàn ráńpẹ́" sí ìwé ìsìnkú rẹ̀. Èmi náà ni mo kà á sókè.

Àwọn oníṣègùn mọ nǹkan kan tó yẹ kí gbogbo olórí ilé mọ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ tó yè é, kì í padà kú ikú bẹ́ẹ̀. Ìrònú náà a máa wá bí ìjì, a sì máa lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ìbọn ṣe é, nínú mẹ́wàá, bí ẹni mẹ́sàn-án ni kì í yè. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ènìyàn máa fi wá kọ́kọ́rọ́ lè jẹ́ ìṣẹ́jú tí ìjì náà máa fi kọjá. Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì 16 ni mo ń rò. Onítúbú ìlú Fílípì jí lóru, ó rí ilẹ̀kùn ní ṣíṣí sílẹ̀, ó yọ idà. Idà náà wà nítòsí, iṣẹ́ rẹ̀ ló gbé e fún un. Pọ́ọ̀lù kò rí i dáadáa, torí òkùnkùn ni, ṣùgbọ́n ó kígbe pé kó má ṣe ara rẹ̀ léṣe, gbogbo àwọn ṣì wà níbẹ̀.

Arákùnrin wa ti ra àpótí onírin. Ó ti forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́, ìyàwó rẹ̀ náà fẹ́ bá a lọ. Díákónì wa tó ti ṣiṣẹ́ ológun yóò wà ní gbọ̀ngàn kékeré lọ́jọ́ Sátidé, aago mẹ́wàá àárọ̀, láti fi bí a ṣe ń ti ìbọn hàn yín. Ẹ má gbé ìbọn wá o, ẹ gbé ìbéèrè wá.

Bó bá sì jẹ́ pé ọkàn rẹ wúwo lálẹ́ òní, tí o sì mọ ibi tí nǹkan náà wà nínú ilé, pe 988, nọ́ńbà tí wọ́n ti ń ran ẹni tó bá ń rò ó láti pa ara rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n ń gbé e tọ̀sán tòru. Tàbí kí o pe èmi. Bó di aago mẹ́ta òru, màá wọ bàtà. A ó jọ gbé e kúrò nílé títí ara rẹ yóò fi balẹ̀, mi ò sì ní bi ọ́ ní ìbéèrè kankan lẹ́nu ọ̀nà.

Pásítọ̀ yín