Wọ́n fi pátákó mi ṣe afárá

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ara mi le, ọmọ ti ń rìn, iṣẹ́ ń lọ. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bàbá mi ló gbé mi dé ìdí ìwé.

Mo ti ri pátákó tí mo fẹ́ fi dá àwọn tó ń gba ibẹ̀ kọjá dúró mọ́lẹ̀ o. "ILẸ̀ ONÍLẸ̀ NI. Ẹ MÁ GBA IBÍ KỌJÁ." Ọ̀dà pupa, gàdàgbà. Lọ́jọ́ kẹta, ihò méjì ni mo bá níbẹ̀. Mo wá a títí, àṣé wọ́n ti tẹ́ ẹ sórí kòtò omi, wọ́n fi ń sọdá! Wọn ò tilẹ̀ da ojú rẹ̀ dé. Àtẹ́lẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ kan wà lórí "Ẹ MÁ" gan-an. Mo rẹ́rìn-ín títí kí n tó rántí pé èmi ni wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́.

O ní ní Texas tìrẹ ní Amẹ́ríkà, láti 1997 ni òfin ti gbà pé ọ̀dà elésè àlùkò lára igi lè dúró fún pátákó ìkìlọ̀ báyìí: kí ìlà gùn tó ínǹṣì 8 ó kéré tán, kí àlàfo wọn nínú igbó má ju ẹsẹ̀ bàtà 100 lọ. Ó wù mí, torí ta ni yóò hú igi láti fi ṣe afárá? Ṣùgbọ́n níbí, wọ́n á ní mo ń ṣe igi lọ́ṣọ̀ọ́ ni.

Kì í ṣe pé mo ń ṣahun ilẹ̀. Kànga àtijọ́ yẹn ni, èyí tí bàtà rẹ já sí. Pákó tó bò ó ti jẹrà. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ìka wọlé. Ọ̀nà tuntun tí wọ́n là ò sì ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí i lọ. Mo fi ẹ̀gún dí ọ̀nà náà, wọ́n kó o sí ẹ̀gbẹ́. Ẹnìkan ní kí n dẹ pàkúté. Tó bá wá ṣẹ́ ẹni lẹ́sẹ̀ ńkọ́?

Má bínú sí èyí tí mo fẹ́ sọ. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì mo lúgọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ ni. Àwọn gan-an, tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, ẹrù igi lórí. Èmi ni mo sá sẹ́yìn igi! Àwọn ló kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́, ẹnu mi ò gbà á láti lé wọn.

Jọ̀ọ́, pè wọ́n. Má dárúkọ mi. Kí wọ́n máa ṣẹ́ igi wọn, kí wọ́n sáà gba apá ibi àpáta títí màá fi rí kànga náà dí. Pè wọ́n kó tó di Ẹtì.

Èmi ni,
Onílẹ̀ tó ń sá pamọ́ lórí ilẹ̀ ara rẹ̀