Ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ kí ẹ tó rà á ní Amẹ́ríkà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ ẹrù tó ń bọ̀ láti òkè òkun ló mú mi gbé kálàmù. Láti bí oṣù kọkànlá ni àwọn èèyàn wa tó wà lọ́hùn-ún ti máa ń di báárẹ̀lì ọdún Kérésì. Tó bá fi máa di oṣù kìíní, ọ̀dọ̀ àwa oníṣẹ́ ẹ̀rọ ni púpọ̀ nínú ohun tó wà nínú báárẹ̀lì náà ń gúnlẹ̀ sí.

Ẹjọ́ tí wọ́n máa ń rò fún wa kì í yàtọ̀. Àwọn kan á ní ọjà òyìnbó ayé ìsinsìnyí kò lágbára mọ́, àwọn kan á ní NEPA ló bà á jẹ́. Màmá kan tiẹ̀ sọ lójú mi pé ìyàwó ọmọ òun ló mọ̀ọ́mọ̀ ra èyí tó ti bàjẹ́ ránṣẹ́ sóun. Wọ́n purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Kò sóhun tó ṣe bùléńdà náà nígbà tó kúrò ní Houston. Iná fóòtì 120 ni wọ́n ṣe é fún (fóòtì, ìyẹn volt, la fi ń wọn agbára tí iná fi ń jáde), Màmá sì so ó mọ́ 230.

Iná sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán nínú ilé ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, fóòtì 120 ni. Tiwa níbí, 230 ni, tí ọ̀pọ̀ ṣì ń pè ní 240. Bí iná bá di ìlọ́po méjì lára ohun tó ń mú ooru jáde, agbára tó ń fà kì í ṣe ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ló ń dà. Áyọ́ọ̀nù wáàtì 1,500 á fẹ́ẹ́ fa 6,000 lójijì, kò sì sí wáyà inú rẹ̀ tó lè gba ìyẹn mọ́ra. Ti bùléńdà tiẹ̀ máa ń tanni jẹ. Á kọ́kọ́ pariwo, ọ̀bẹ inú rẹ̀ á máa sáré àsápajúdé, Màmá á ní, "Ẹ ò rí agbára ọjà òyìnbó!" Kó tó pa ẹnu dé, òórùn rọ́bà tó ń jó ti gba gbogbo kíṣìnì.

Ohun tó ń bí mi nínú jù níbẹ̀ ni ti pọ́lọ́ọ̀gì. Irin pẹlẹbẹ méjì ni ti Amẹ́ríkà, wọn kò lè wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wa oníhò mẹ́ta. Àìwọlé yẹn gan-an ló yẹ kó dá èèyàn dúró kó bèèrè ọ̀rọ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, a ó lọ ra adápítọ̀ lẹ́bàá títì, tàbí kí bọ̀ọ̀dá kan nínú ilé fi ọ̀bẹ gé wáyà, kó so pọ́lọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta mọ́ ọn, kí gbogbo ilé sì máa kí i pé ó mọṣẹ́. Adápítọ̀ kì í dín iná kù o. Bí iná ṣe wà lára ògiri ló ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá.

Gbogbo ẹ̀rọ ló ní àkọlé wínníwínní lẹ́yìn, ní ìdí, tàbí lára ṣájà. Tí ẹ bá rí "INPUT 100–240V, 50/60Hz" níbẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀, adápítọ̀ nìkan ló kù tí ẹ nílò. Bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ jù nínú ṣájà fóònù, ti láptọ́ọ̀pù àti ti kámẹ́rà ṣe rí. Tó bá jẹ́ "120V, 60Hz" nìkan ni ẹ rí, Amẹ́ríkà ló yẹ kó jókòó sí. Àwọn kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan wà tó ní bọ́tìnnì pupa kékeré lẹ́yìn, tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Ẹ fi ẹnu sikurudíráfà tì í sí 230 kí ẹ tó so ó mọ́ná. Ẹni tó bá gbàgbé á gbọ́ gbàù.

Ẹlòmíì á ní, ṣebí tiransifọ́mà wà? Ó wà, wọ́n ń tà á ní Alábà, wọ́n ń tà á ní Dùgbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo wáàtì rẹ̀. Máíkírówéèfù tí wọ́n kọ 1,000 sí lára, agbára tó fi ń se oúnjẹ nìyẹn. Èyí tó ń fà lára iná lè tó 1,500. Tí ẹ bá gbé tiransifọ́mà 500 tì í, tiransifọ́mà náà ni yóò kọ́kọ́ jó. Èyí tó sì tó gbé e, ó wúwo, owó rẹ̀ sì lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti máíkírówéèfù mìíràn. Hertz, ìyẹn iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ńkọ́? Ti Amẹ́ríkà 60, tiwa 50, tiransifọ́mà kì í sì í fọwọ́ kan ìyẹn. Aago tó ń fi iná ka àkókò á máa fi ìṣẹ́jú 10 rẹ́yìn ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn ṣeé fi rẹ́rìn-ín. Mọ́tò fìríìjì tó ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ lójoojúmọ́ kò ṣeé fi rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe gbogbo òkè òkun ni mo ń bá wí. Ọjà London kò ní wàhálà: fóòtì kan náà, Hertz kan náà, pọ́lọ́ọ̀gì kan náà, àwọn náà la kúkú ti kọ́ ọ. Dubai náà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin Alájì wa, Hertz 60 ni wọ́n ń lò ní Sáúdí, fóòtì 127 sì wà nínú ọ̀pọ̀ ilé wọn tẹ́lẹ̀, ẹ wo àkọlé dáadáa. Ampilifáyà tọ́kùnbọ̀ tó bá ti Japan wá, fóòtì 100 ni tiwọn, ó kéré sí ti Amẹ́ríkà.

Tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà tún ní tiẹ̀ lọ́tọ̀. ATSC ni wọ́n fi ń gbé àwòrán sáfẹ́fẹ́ níbẹ̀, DVB-T2 ni tiwa, nítorí náà tí ẹ bá so áńtẹ́nà mọ́ ọn, ẹ kò ní rí nǹkan kan. Ẹni tó ń fi wáyà HDMI so díkódà mọ́ ọn ni kò kàn.

Ní ti fóònù, àwọn ilé iṣẹ́ síìmù ibẹ̀ sábà máa ń tà á ní sísan díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì tì í mọ́ síìmù tiwọn. "Unlocked" ni kí ẹ ní kí wọ́n rà. Láti iPhone 14 tó jáde ní 2022, èyí tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà kò ní ojú síìmù rárá, eSIM nìkan, ìyẹn síìmù tó ti wà nínú fóònù fúnra rẹ̀ tí a kì í fọwọ́ yọ, ló ń gbà. MTN àti Airtel ń ṣe é níbí, àmọ́ ẹni tó bá ti mọ́ lára láti máa yọ síìmù láti inú fóònù kan sí òmíràn gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó máa pariwo iPhone.

Èrò tèmi ni pé ohunkóhun tó ń mú ooru jáde, tàbí tó ní mọ́tò tó tóbi, ẹ rà á níbí. China ni wọ́n ti ń ṣe púpọ̀ nínú wọn, ibi yòówù kí ẹ ti rà á, gàràńtì tó bá ti Amẹ́ríkà wá kì í sì í sábà wúlò fún yín n'Íbàdàn. Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan kò ní fẹ́ gbọ́ èyí, torí wọ́n fẹ́ kí àlejò bèèrè ibi tó ti wá. Tó bá pọn dandan kí ọmọ rà á lọ́hùn-ún, ẹ ní kó ya fọ́tò àkọlé ẹ̀yìn rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, kó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kó tó sanwó, kí ẹ sì gbé e fún oníṣẹ́ ẹ̀rọ àdúgbò yín kó kà á. A kì í gbowó ìyẹn.

Èmi ni,
Oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.